Iṣẹ́ Wo Ni Ẹranko Yìí Ń Ṣe? Ìtọ́sọ́nà fún Wíwo Ẹranko Mímọ́ Nínú Àwòrán Ẹ̀sìn Ilẹ̀ Jàpáànù

Àwòrán kan wà tí àgbọ̀nrín funfun kan dúró lórí ìkùukùu. Gàárì wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó sórí gàárì náà. Ẹ̀ka igi tútù ni wọ́n gbé kà á, dígí ribiti kan sì wà lórí ẹ̀ka náà tó ń tàn bí òṣùpá tó yọ kún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹran ẹbọ ni mo pè é. Mo rò pé ṣe ni wọ́n ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kí wọ́n tó fà á lọ síbi tí wọ́n ti máa pa á. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé gàárì yẹn kò ṣófo. Ẹni tó gùn ún wà níbẹ̀, ojú lásán ni kò lè rí i.

Ohun tí mo ṣì ṣe ni pé mo ń wá ìtumọ̀ ẹranko náà kí n tó bèèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Àwọn tó ń ṣàlàyé irú àwòrán yìí sábà máa ń to ẹranko jọ bí ìwé atúmọ̀ èdè: erin rèé, ìtumọ̀ rẹ̀ rèé, ejò rèé, ìtumọ̀ rẹ̀ rèé. Irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ṣini lọ́nà, nítorí ẹfọ̀n kan náà tó ń gbé ọba àwọn òkú ló tún ń gbé ẹni tó ṣẹ́gun ọba àwọn òkú. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́. Ṣé ó ń gbé ẹnìkan ni? Ṣé wọ́n rán an ni? Ṣé ó ń ṣọ́ ibìkan ni, àbí ọ̀fọ̀ ló ń ṣe? Bí ẹ bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní jìnnà mọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ bèèrè ilé tí àwòrán náà ti wá

Ní Jàpáànù, ojúbọ yàtọ̀ sí tẹ́ńpìlì. Ojúbọ ni ti Shintō, ilé àwọn kami tí àwọn ará ilẹ̀ náà ti ń bọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Tẹ́ńpìlì ni ti ẹ̀sìn Búdà, tó gba Ṣáínà àti Kòríà wọlé ní ọ̀rúndún kẹfà. Ẹranko tó bá ti ojúbọ wá sábà máa ń jẹ́ ẹranko ilẹ̀ náà, èyí tí àgbẹ̀ àti ọdẹ ń bá pàdé: àgbọ̀nrín, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ọ̀bọ, kannakánná. Ẹranko tó bá ti inú ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Búdà wá sábà máa ń jẹ́ ti Íńdíà: erin, kìnnìún, ọ̀kín. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán tó ya àwọn yìí kò fojú kàn wọ́n rí láyé wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe mọ ògiri sáàárín méjèèjì. Fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn ará Jàpáànù gbà pé kami jẹ́ ojú tí Búdà kan fi yọ sí wọn ní ilẹ̀ tiwọn. Honji suijaku ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà: honji ni orísun, suijaku ni ipasẹ̀ tí orísun náà fi sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ṣe rí Ṣàngó nínú Santa Bárbara yóò tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ ká dì mú: ní Jàpáànù, kò sí pé ẹnìkan ń fi ẹ̀sìn rẹ̀ pamọ́ fún ọ̀gá tó ń nà án. Àwọn àlùfáà fúnra wọn ló ń kọ́ni ní gbangba. Ọdún 1868 ni ìjọba Meiji pàṣẹ pé kí wọ́n ya kami kúrò lára Búdà. Ọ̀pọ̀ àwòrán ló bàjẹ́ nínú rúkèrúdò tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ni wọ́n tà, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi lè rí iṣẹ́ àtàtà láti àwọn tẹ́ńpìlì Jàpáànù ní Boston lónìí.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí Búdà márùn-ún lórí ẹranko ojúbọ kan, ẹ má rò pé ayàwòrán da nǹkan pọ̀. Ohun tó mọ̀ ló ń yà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo ẹ̀yìn ẹranko náà

Bí ẹnìkan bá jókòó lé e, ẹranko náà ń ṣe iṣẹ́ ẹṣin ọba. Ó ń fi agbára ẹni tó gùn ún hàn kí ẹni náà tó sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lára erin. Mùsíọ́ọ̀mù Àpapọ̀ Tokyo ní àwòrán Fugen kan tí wọ́n yà sórí aṣọ ṣẹ́dà ní ọ̀rúndún kejìlá. Bosatsu ni Fugen, ìyẹn ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di Búdà ṣùgbọ́n tó dúró kí ó lè ran àwọn ẹ̀dá yòókù lọ́wọ́. Ó pa ọwọ́ pọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà, ó jókòó lórí òdòdó lótọ́ọ̀sì, òdòdó orí omi tó jọ òṣíbàtà tiwa, erin funfun sì gbé e. Òdòdó ń rọ̀ sílẹ̀ láti òkè. Ẹ ka eyín erin náà: mẹ́fà ni, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. Wọ́n máa ń so mẹ́fà yẹn mọ́ ojú, etí, imú, ahọ́n, ara àti ọkàn, ẹnu ọ̀nà mẹ́fà tí ẹ̀ṣẹ̀ ń gbà wọlé, tí ẹni tó bá tẹ̀ lé Fugen ní láti fọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn wí pé erin funfun ni ìyá Búdà rí lójú oorun nígbà tó fẹ́ lóyún rẹ̀.

Kí ló dé tí àwòrán yìí fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó kún fún òdòdó àti àwọ̀ ewéko tútù? Ìwé Lótọ́ọ̀sì, ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Búdà kan tí àwọn ará ààfin ìgbà Heian (ọdún 794 sí 1185) ń kà lójoojúmọ́, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú orí tó kẹ́yìn ìwé náà, Fugen ṣèlérí pé òun yóò gun erin funfun eléyín mẹ́fà wá dáàbò bo ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ìwé yìí. Ìwé kan náà sọ ìtàn ọmọbìnrin ọba dírágónì tó di Búdà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ń sọ pé obìnrin kò lè dé ibẹ̀. Àwọn obìnrin ààfin fẹ́ràn Fugen nítorí èyí. Nítorí náà, iṣẹ́ erin yìí kì í ṣe ìfihàn agbára nìkan. Ẹni tó ń mú ìlérí ṣẹ ló gbé wá.

Àwa máa ń sọ pé àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ayàwòrán yìí. Ọdún 1408 ni àkọsílẹ̀ sọ pé ààyè erin kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Jàpáànù, nínú ọkọ̀ kan tó ti gúúsù wá sí èbúté Obama. Ẹni tó ya Fugen ní ọ̀rúndún kejìlá ń gbẹ́kẹ̀ lé ìwé mímọ́ àti àwòrán tó ti Ṣáínà wá. Bí ẹ bá wá rí erin tí ojú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ènìyàn tó ń ronú, ẹ má pè é ní àìmọṣẹ́. Ẹranko inú ìwé ni wọ́n ń yà.

Kìnnìún ni ẹṣin Monju, bosatsu ọgbọ́n. Kò sí kìnnìún ní Jàpáànù náà. Èyí tí wọ́n yà ní irun ọrùn tó ká jọ ribiti-ribiti, ó sì máa ń la ẹnu. Ìró bíbú rẹ̀ ni wọ́n fi wé ìwàásù tó ń lé irọ́ sá. Ní tẹ́ńpìlì Daigo-ji ní Kyoto, àwòrán kan wà tí Monju ti ń sọdá òkun lórí kìnnìún pẹ̀lú àwọn tó tẹ̀ lé e. Bí Búdà Shaka, ẹni tó dá ẹ̀sìn náà sílẹ̀, bá wà láàárín, Monju sábà máa ń wà lápá ọ̀tún ẹ̀yin tí ẹ ń wo àwòrán, Fugen á sì wà lápá òsì. Bí ojú àwọn méjèèjì bá ti parẹ́ lára aṣọ tó gbó, ẹranko abẹ́ wọn lẹ máa fi dá wọn mọ̀.

Ọ̀kín ló kàn, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Nínú ẹ̀sìn Búdà ìkọ̀kọ̀, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Myōō, Ọba Ọgbọ́n. Ìbínú ló sábà máa ń wà lójú wọn, iná á máa jó lẹ́yìn wọn, idà tàbí okùn á wà lọ́wọ́ wọn. Kujaku Myōō nìkan ni ojú rẹ̀ tutù. Ọ̀kín ló gùn, ìrù ọ̀kín náà sì là sẹ́yìn rẹ̀ títí tó fi dà bí òbìrí ìmọ́lẹ̀. Èyí tó wà ní Tokyo, ti ọ̀rúndún kejìlá bákan náà, ní ọwọ́ mẹ́rin, ó sì di ìyẹ́ ọ̀kín mú ní ọ̀kan nínú wọn. Ìgbàgbọ́ àwọn ará Íńdíà ni pé ọ̀kín ń jẹ ejò olóró àti àkekèé, oró náà kì í sì í pa á. Nítorí náà, ẹni tó gùn ún lè gbé oró mì fún wa: májèlé, àìsàn, èrò burúkú. Wọ́n tún máa ń bẹ̀ ẹ́ fún òjò. Kò nílò ojú ìbínú, nítorí ẹyẹ abẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ ìjà.

Ẹfọ̀n ló wà fún ìkìlọ̀. Ẹfọ̀n omi, irú èyí tí wọ́n fi ń túlẹ̀ oko ìrẹsì ní Éṣíà, ni Emmaten ń gùn, ọba tó ń ṣèdájọ́ àwọn òkú. Daiitoku Myōō náà ń gun ẹfọ̀n, bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Íńdíà, Yamāntaka, túmọ̀ sí ẹni tó fòpin sí ọba ikú yẹn gan-an. Báwo la ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ẹ ka orí, ẹ ka ọwọ́, ẹ ka ẹsẹ̀. Mẹ́fà-mẹ́fà ni ti Daiitoku, iná á sì bò ó yíká. Emmaten ní orí kan àti ọwọ́ méjì, ó sì sábà máa ń di ọ̀pá kan mú tí orí ènìyàn wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá di "ẹfọ̀n túmọ̀ sí ikú" mú yóò kúnlẹ̀ níwájú Daiitoku pẹ̀lú ìbẹ̀rù tí kò yẹ.

Marishiten ń gun ẹlẹ́dẹ̀ igbó, àwọn jagunjagun ló sì ń bọ ọ́ jù. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó kì í yà bí ó bá ti ki orí bọ eré.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí gàárì bá ṣófo, ẹ wá ẹni tó rán ẹranko náà

Ẹ padà sí àgbọ̀nrín mi. Ìtàn ojúbọ Kasuga ní ìlú Nara sọ pé kami kan tó ń jẹ́ Takemikazuchi kúrò ní Kashima, ní ìlà-oòrùn, ó gun àgbọ̀nrín funfun, ó sì rìn títí dé òkè Mikasa. Ọdún 768 ni wọ́n ní wọ́n dá ojúbọ náà sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè yẹn, ìdílé Fujiwara tó lágbára jù ní ààfin ló sì ń bọ ibẹ̀. Láti ìgbà Kamakura, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1185, ni àwọn ayàwòrán ti ń ya ohun tí wọ́n ń pè ní màńdálà àgbọ̀nrín Kasuga. Màńdálà ni àwòrán mímọ́ tó ń to àwọn ẹni ọ̀run sí ipò wọn. Mùsíọ́ọ̀mù Àpapọ̀ Nara ní ọ̀kan lára wọn.

Ẹ kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Àgbọ̀nrín wà lórí ìkùukùu, nítorí ìrìnàjò rẹ̀ kì í ṣe ti orí ilẹ̀. Ẹ̀ka igi sakaki ló wà lórí gàárì, igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ tí wọ́n fi ń bọ kami. Orí rẹ̀ ni kami máa ń bà lé. Nígbà mìíràn, òdòdó fuji aláwọ̀ elése àlùkò á lọ́ mọ́ igi náà, àwọn Fujiwara ni ìyẹn, orúkọ wọn ló wà nínú òdòdó yẹn. Lórí ẹ̀ka ni dígí wà, inú dígí yẹn sì ni Búdà àti bosatsu márùn-ún máa ń jókòó sí, orísun àwọn kami mẹ́rin inú ojúbọ àti ti ojúbọ ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òkè Mikasa ló wà lókè pátápátá. Gbogbo ẹ̀kọ́ honji suijaku tí mo fi ìpínrọ̀ kan ṣàlàyé wà lẹ́yìn ẹranko kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ya ẹni tó gùn ún: ẹni tí wọ́n ń bọ ti wà nínú dígí.

Àgbọ̀nrín tún ní iṣẹ́ mìíràn nínú ẹ̀sìn Búdà, nítorí inú ọgbà àgbọ̀nrín ní Íńdíà ni Búdà ti ṣe ìwàásù rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní Nara títí dòní, àgbọ̀nrín tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ń rìn kiri ìgboro láìsí okùn lọ́rùn wọn, ìjọba sì fi òfin dáàbò bò wọ́n ní ọdún 1957.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì pè jù. Inari kì í ṣe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Kami ìrẹsì àti ọrọ̀ ni Inari, ojúbọ rẹ̀ tó lókìkí jù wà ní Fushimi, Kyoto, tí ìtàn sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 711. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun ni ìránṣẹ́ rẹ̀. Ẹnu ìránṣẹ́ yìí ni kí ẹ wò. Bí ó bá ti kọ́kọ́rọ́ bọ ẹnu, kọ́kọ́rọ́ àká ìrẹsì ni. Ó lè jẹ́ òkúta iyebíye, ó lè jẹ́ ìwé kíká, ó sì lè jẹ́ ìdì ìrẹsì. Ohun tí wọ́n fi rán an ló gbé sẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí obìnrin kan tó gun kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun lójú sánmà, tí ó di idà àti òkúta iyebíye mú, ẹ ti kúrò ní ojúbọ nìyẹn. Dakiniten ni, tó ti ẹ̀sìn Búdà wá láti Íńdíà, tí wọ́n sì dà pọ̀ mọ́ Inari nígbà tó yá. Ẹranko kan náà: níbí ó ń jẹ́ iṣẹ́, lọ́hùn-ún ó ń gbé ènìyàn.

Kannakánná Kumano ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Yatagarasu ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀run ló rán an wá kí ó ṣíwájú Jimmu, ẹni tí ìtàn pè ní ọba àkọ́kọ́, la àwọn òkè Kumano kọjá dé Yamato. Iṣẹ́ afinimọ̀nà ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu pé òun ló wà lára àmì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Jàpáànù. Ní Kumano, wọ́n ń fi àwòrán kannakánná kékeré-kéékèèké kọ lẹ́tà sórí ìwé ààbò. Ẹ̀yìn ìwé yẹn ni àwọn jagunjagun máa ń kọ ìbúra wọn sí, kí kannakánná lè jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Ọ̀bọ ni ìránṣẹ́ ojúbọ Hiyoshi ní ẹsẹ̀ òkè Hiei, lẹ́bàá adágún Biwa. Masaru ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ohùn orúkọ náà sì jọ ti ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "kí ibi ó lọ". Àwa tí a mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń fa ọ̀rọ̀ nínú ẹsẹ Ifá kò ní fojú kéré irú èyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀bọ mẹ́ta tó bo ojú, etí àti ẹnu, tí gbogbo ènìyàn ti rí lórí fóònù. "Zaru" túmọ̀ sí "kì í ṣe", "saru" ni ọ̀bọ. Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ni àwòrán Shōmen Kongō, òrìṣà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ní alẹ́ Kōshin. Gbogbo 60 ọjọ́ ni alẹ́ náà ń yí po. Wọ́n gbà pé kòkòrò mẹ́ta ń gbé inú ènìyàn, tí wọ́n máa ń jáde lọ bí onítọ̀hún bá sùn ní alẹ́ yẹn láti fẹjọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sun ọ̀run. Nítorí náà wọn kì í sùn. Àwọn ọ̀bọ abẹ́ àwòrán náà wà níbẹ̀ kí ẹjọ́ má baà dé òkè: ojú kò rí i, etí kò gbọ́ ọ, ẹnu kò sì ní wí i.

Màlúù ni ti Tenjin, kami ẹ̀kọ́. Ènìyàn ni Tenjin tẹ́lẹ̀, Sugawara no Michizane, ọ̀mọ̀wé tí wọ́n bí ní ọdún 845, tí wọ́n lé kúrò ní olú-ìlú lórí ẹ̀sùn èké, tó sì kú sí Dazaifu ní ọdún 903. Màlúù tó ń fa òkú rẹ̀ dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà, ó kọ̀, kò dìde mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ìdí nìyẹn tí màlúù Tenjin fi sábà máa ń dùbúlẹ̀. Ẹyẹlé ni ti Hachiman, kami ogun. Ní ìlú Kamakura, ẹyẹlé méjì ni wọ́n fi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ojúbọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wo ibi tí ẹranko náà dúró sí

Àwọn ẹranko kan kò gbé ẹnikẹ́ni, wọn kò jẹ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n. Nínú ibojì Kitora ní Asuka, tí wọ́n kọ́ ní òpin ọ̀rúndún keje tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹjọ, dírágónì búlúù wà lára ògiri ìlà-oòrùn, ẹkùn funfun ní ìwọ̀-oòrùn, ẹyẹ pupa ní gúúsù, ìjàpá tí ejò wé mọ́ ní àríwá. Ṣáínà ni àwọn mẹ́rin yìí ti wá. Bí ẹ bá rí ìjàpá àti ejò pa pọ̀, ẹ kò nílò kọ́ńpáàsì mọ́.

Òkè àjà ni dírágónì máa ń wà nínú gbọ̀ngàn ìwàásù àwọn tẹ́ńpìlì Zen, ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Búdà. Igi ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé náà, iná ni ọ̀tá wọn, dírágónì ló sì ni omi. Kanō Tan'yū ya ti Myōshin-ji ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ti Kennin-ji, dírágónì méjì, kò pẹ́ rárá, ọdún 2002 ni Koizumi Junsaku parí rẹ̀. Ẹ rìn yíká lábẹ́ rẹ̀. Ẹ máa rí i pé ojú rẹ̀ kò kúrò lára yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ bọ́ ojú ilé yín sílẹ̀

Ejò ni mo ń bá wí. Nílé wa, ẹni tó bá rí ejò á wá igi. Ejò funfun ní Jàpáànù ni ìránṣẹ́ Benzaiten, òrìṣà obìnrin tó ni omi, orin, ọ̀rọ̀ dídùn àti owó. Nínú àwọn àwòrán rẹ̀ kan, ẹ óò rí ejò funfun tó ká jọ sórí adé rẹ̀, tí ojú baba arúgbó sì wà lórí ejò náà. Ugajin nìyẹn, kò sì sí ohun ẹ̀rù nínú rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni àṣìṣe kejì, tí ó máa ń wá lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti mọ díẹ̀: ká máa rí mímọ́ níbi tí kò sí. Tẹ́ńpìlì Kōzan-ji ló ni àwọn àwòrán kíká Chōjū Giga, iṣẹ́ ọ̀rúndún kejìlá àti ìkẹtàlá. Nínú rẹ̀, ọ̀bọ wọ aṣọ àlùfáà ó ń ka ìwé mímọ́, ọ̀pọ̀lọ́ sì jókòó sórí ewé bí Búdà tó ń gba ìjọsìn. Àwọn ehoro wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ìránṣẹ́ kankan nínú wọn. Eré ni wọ́n ń ṣe, ènìyàn ni wọ́n sì ń sín jẹ.

Ti Itō Jakuchū tún yàtọ̀. Ọmọ oníṣòwò ewébẹ̀ ni ní ọjà Nishiki ní Kyoto. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, láti bí ọdún 1757, ó ya àwòrán 30 nípa adìyẹ, ẹja, kòkòrò, òdòdó, ó sì fi wọ́n ta tẹ́ńpìlì Shōkoku-ji lọ́rẹ pẹ̀lú Shaka, Monju àti Fugen mẹ́ta tó yà. Kò sí gàárì lẹ́yìn àwọn adìyẹ yẹn, kò sí kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé wọn kọ́ yí Búdà ká bí ìjọ. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n wà láàyè níwájú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ẹ ṣe máa wò ó dáadáa

Aṣọ ṣẹ́dà máa ń pọ́n, á sì ṣókùnkùn bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe ń gorí ara wọn. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó funfun, nítorí ẹranko tí ọ̀run rán sábà máa ń funfun, ó sì máa ń yọ jáde nínú òkùnkùn náà. Ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n tún máa ń kun nígbà mìíràn kí àwọ̀ iwájú lè rọ̀. Ẹ wá ìlà wúrà tín-ín-rín lára aṣọ ẹni tó gun ẹranko: wúrà tí wọ́n lù pẹlẹbẹ, tí wọ́n gé bí irun, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ọn, kirikane. Bí ẹ bá tẹ̀ síwájú-sẹ́yìn díẹ̀, á máa tàn, á máa kú.

Orúkọ àwòrán náà á ràn yín lọ́wọ́. "Zu" ní òpin orúkọ ni àwòrán, "emaki" ni àwòrán kíká tó ń sọ ìtàn, "engi" ni ìtàn bí ojúbọ tàbí tẹ́ńpìlì kan ṣe bẹ̀rẹ̀, "mandara" ni màńdálà.

Ìmọ́lẹ̀ ń ba ṣẹ́dà jẹ́, nítorí náà ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni mùsíọ́ọ̀mù máa ń gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ síta kí wọ́n tó ká a padà. Ẹ wádìí kí ẹ tó wọkọ̀, ì báà jẹ́ Museum of Fine Arts ní Boston, Metropolitan Museum ní New York, tàbí British Museum ní London lẹ ń lọ. Fún ẹni tó wà nílé, e-Museum àti ColBase, tí àwọn mùsíọ́ọ̀mù àpapọ̀ Jàpáànù gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í gba owó. Ẹ tẹ Fugen tàbí Kujaku sí i, kí ẹ sì fa àwòrán náà súnmọ́ títí ẹ ó fi rí okùn aṣọ.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: Ẹ dán ara yín wò níwájú Nehan-zu

Nehan-zu ni àwòrán ìpapòdà Búdà. Ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn láàárín àwọn igi sāla, ó kọ orí sí àríwá, ó sì sábà máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀. Òṣùpá yọ kún lókè, nítorí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì ni. Ìyá rẹ̀ tó ti kú ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti ọ̀run. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń sunkún, àwọn bosatsu kò sunkún, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ẹ máa wò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti Kongōbu-ji lórí òkè Kōya, tí ọdún 1086 wà lára rẹ̀, òun ni àgbà pátápátá nínú àwọn tí a mọ ọjọ́ orí wọn. Ẹranko kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kìnnìún, ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀. Ó da ẹ̀yìn délẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sókè, bí ọmọdé tí ẹkún ti borí rẹ̀. Ẹ rántí iṣẹ́ kìnnìún lábẹ́ Monju. Níbí, kò gbé ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di ìgbà Kamakura, àwọn ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i: erin dùbúlẹ̀ ó ń ké, ẹṣin, ọ̀bọ, ẹyẹ, ejò, ìgbín. Àwọn tó ń pa ara wọn jẹ dúró pa pọ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí a ti ń kà bọ̀ láti òkè ló dúró lọ́jọ́ yẹn, ọ̀fọ̀ nìkan ló kù.

Ẹ wá ológbò. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, kò sí. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ìyá Búdà ju àpò oògùn sílẹ̀ láti ọ̀run fún ọmọ rẹ̀, àpò náà há sórí igi, eku gòkè láti mú un wá, ológbò sì pa eku. Ṣùgbọ́n ní tẹ́ńpìlì Tōfuku-ji ní Kyoto, Nehan-zu kan wà tí gíga rẹ̀ ju mítà mẹ́wàá lọ. Minchō, àlùfáà tó ń yàwòrán, ló parí rẹ̀ ní ọdún 1408, ọdún kan náà tí erin gúnlẹ̀ sí Obama. Wọ́n máa ń gbé e síta ní àárín oṣù kẹta. Ológbò wà nínú tiẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí Minchō ń yà á, ológbò kan ń gbé àwọ̀ tó nílò wá fún un, ó sì fi àyè kan sí i láàárín àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀.

Bí ẹ bá dé iwájú èyíkéyìí nínú wọn, tí ẹ wá ìsàlẹ̀ títí tí ẹ kò rí ológbò, ẹ gbójú sókè sí àwọn ẹ̀ka igi. Àpò oògùn náà ṣì máa ń wà níbẹ̀.